Ẹ Bi Mí Kí N Dá Yín Lóhùn: Orin Tó Ń Pe Omijé Lójú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlà kan péré ni mo fi sísàlẹ̀ ojú-ewé yìí lóṣù tó kọjá, pé kí ẹ sọ orin tó máa ń mú yín sunkún fún mi, mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fọwọ́ kàn ló pọ̀ tó báyìí. Láti Kubwa, Lugbe, Gwarinpa, Gwagwalada, l'Abuja níbí, títí dé Minna ni ẹ ti kọ̀wé, ìyá kan ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọ́n ń sunkún títí tó fi parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, márùn-ún ni mo mú, kí ẹni tí kò rí tiẹ̀ má bínú sí mi.

Orin bàbá mi bá mi nínú bọ́ọ̀sì

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Bàbá mi kú ní 2019, mi ò sì ráyè sunkún nígbà yẹn torí èmi ni àkọ́bí, èmi ni mò ń gbàlejò, èmi ni mò ń sanwó kánópì, èmi ni mò ń bá àwọn alásè já owó sí i. Lóṣù tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì ní Berger, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há wa mọ́bẹ̀, dẹ́rẹ́bà wá fi fújì àtijọ́ sí i, ti Síkírù Àyìndé Barrister, èyí tí bàbá mi máa ń gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ pa á, mo ní kó jọ̀ọ́ kó má pa á. Látìgbà yẹn ọkọ mi ń sọ pé ó jọ pé nǹkan kan ń ṣe mí, pé kí n lọ gbàdúrà kí n má sì gbọ́ orin yẹn mọ́. Ṣé nǹkan kan ń ṣe mí lóòótọ́? — Àkọ́bí bàbá ẹ̀, Kubwa*

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì rójú kí yín dáadáa nínú gbogbo wàhálà kánópì yẹn.

Nǹkan kan ò ṣe yín. Ẹkún tí ẹ ò ráyè sun ní 2019 ló dúró dè yín ní Berger. Èèyàn tó bá ń ṣètò òkú kì í ráyè ṣọ̀fọ̀, gbogbo àkọ́bí tó bá ka ibí yìí á mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn tó kù á máa yíra mọ́lẹ̀, ìwọ á máa ka iṣu àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹkún yẹn ò lọ síbì kankan, ó kàn ń wá ọ̀nà tó máa gbà jáde ni, orin tí bàbá yín fi ń fá irùngbọ̀n ló sì bá a ṣílẹ̀kùn.

Ẹ wò ó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Petr Janata ní yunifásítì California tó wà ní Davis, l'Amẹ́ríkà, ó kó àwọn èèyàn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ó wá ń fi orin ìgbà èwe wọn sí i létí wọn, ọdún 2009 ló gbé èsì ẹ̀ jáde. Ibì kan wà nínú ọpọlọ, ẹ̀yìn iwájú orí yìí gan-an, bí orin bá ṣe rán èèyàn létí ìgbésí ayé ara ẹ̀ tó ni ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ìyẹn ni pé ibì kan náà ni orin àti ìrántí wa ti ń pàdé, tí ẹ bá fa ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹ ò ronú kan bàbá yín nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni ẹ ń rò, àbí ti ọ́fíìsì, kí ẹ tó mọ̀ wọ́n ti dúró síwájú dígí pẹ̀lú ọṣẹ lágbọ̀n.

Àwọn baba wa ò ní ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Tí onígángan bá dojú kọ yín lóde ìnáwó tó fi ìlù pe oríkì bàbá yín, kí lẹ máa ń sọ? Ẹ máa ń ní "orí mi wú". Ẹ ò ní sọ pé inú yín dùn, ẹ ò sì ní sọ pé inú yín bà jẹ́, torí méjèèjì ló wà ńbẹ̀ pa pọ̀, ara á ṣe gìrì, irun ọwọ́ á dìde. Àwọn oníwádìí kan ní Montreal, ní Kánádà, ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan yìí, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2011, wọ́n ní tí orin bá dé ibi tó ń mú ara ṣe gìrì, ọpọlọ máa ń tú oje kan tó ń jẹ́ dopamine jáde, oje kan náà tó ń jáde tí ebi bá pa wá tí a wá rí oúnjẹ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ẹ̀ ni pé oje yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí orin tó débẹ̀, torí etí ti mọ ibi tó ń lọ. Ó dájú pé bó ṣe rí lára yín nìyẹn, kí olórin tó dé ibi tí bàbá yín máa ń bá a gbè, ọ̀fun yín ti há.

Èmi náà ní tèmi. Tudun Wada ní Kaduna ni wọ́n ti tọ́ mi. Tí ààwẹ̀ bá dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá àdúgbò wa máa ń lu wéré kiri lóru láti jí àwọn èèyàn fún sààrì, wéré yẹn náà ni Barrister ti kọ́ orin ní kékeré kó tó sọ ọ́ di fújì, ẹ ò rí i pé orin ìjíni lóru ni baba orin tó mú yín sunkún yẹn. Ìyá mi á ti wà nídìí sítóòfù, fìlà alẹ́ wọn á ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa fi orí omorogùn gbá etí ìkòkò kí ọbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè já sínú, tí àwọn oníwéré bá wá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé wa, mo máa ń rí i tí ìyá mi ń yí gbígbá yẹn padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ìlù ìta mu. Wọn ò ní wo ibẹ̀, wọn ò ní rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn nìkan ló ń gbọ́. Ìyá mi ti lọ. Tí mo bá gbọ́ irú ìlù yẹn níbi tí mò ń gbé ní Abuja báyìí, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, màá máa retí kí ìkòkò dún.

Nítorí náà ẹ má lé bàbá yín o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, wọn ò rò yín níbi, ẹ̀rù ló bà wọ́n, ọkùnrin tó bá rí ìyàwó ẹ̀ tó ń sunkún tí kò sì rí ẹni tó nà án, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀. Ẹ gbàdúrà yẹn, àdúrà ò pọ̀jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday kan, ẹ wá orin yẹn sórí fóònù, ẹ pe ọkọ yín jókòó, ẹ fi sí i, kí ẹ máa sọ fún wọn: ibí yìí ni wọ́n ti máa ń dá abẹ dúró, ibí yìí ni wọ́n ti máa ń pe ìyá mi wá gbọ́. Tí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Ẹ máa rí i pé bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rín á máa wọ inú ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ ò rí oorun sùn mọ́, tí oúnjẹ ò wọlé, tí iṣẹ́ ò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ fi lọ dókítà, kì í sì í ṣe tìtorí orin.

Orin Hausa ló ń pa mí lẹ́kún, ṣé mo ti sọnù ni?

*Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta aṣọ níbẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn September 2001 la kó kúrò, ọmọ ọdún 12 ni mí. Tí wọ́n bá lu dùndún lóde ìnáwó mo máa ń jó, ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo wá gbọ́ Dan Maraya Jos nídìí súyà ní Lugbe níbí, omi kàn ń dà lójú mi, mállàm ní ṣé ata ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti di Gàm̀bàrí. Ṣé ó yẹ kí n tijú? — Ọmọ Jos, Lugbe*

Ìtìjú kẹ̀? Àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 12 pẹ̀lú aṣọ ọrùn yín, orin ilé ló rí yín, kò sóhun tó ń tini lójú ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi hàn pé orin tí èèyàn bá gbọ́ láti bí ọmọ ọdún 10 sí nǹkan bí 30 ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìrántí jù lọ, ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ọjọ́ orí yẹn ni wọ́n já yín kúrò níbẹ̀. Ọpọlọ ò sì bèèrè pé èdè wo ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún rán yín létí ẹni tí ẹ gbọ́. Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos yín, ni wọ́n bí Dan Maraya sí, Adamu Wayya ni orúkọ ẹ̀, ọmọ ọwọ́ ló wà tí bàbá àti ìyá ẹ̀ fi kú, ohun tí "Dan Maraya" sì túmọ̀ sí ni ọmọ òrukàn. Kuntigi tó ń ta, okùn kan ṣoṣo ló ní, agolo sàdíìnì ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi awọ ewúrẹ́ bò láti fi ṣe é. Okùn kan, agolo kan, ó sì fi kọrin àwọn ọmọ mọ́tò àti àwọn tálákà títí tó fi kú lóṣù June 2015. Ẹni tó pàdánù ilé ẹ̀ wá gbọ́ ohùn ẹni tó ń jẹ́ ọmọ òrukàn Jos, tí omijé ò bá bọ́, ẹnu á yà mí.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín nípa ti dùndún: ṣé ẹnì kan ti ki yín rí? Kì í ṣe kí wọ́n lu ìlù fún gbogbo èèyàn o, kí ẹnì kan dojú kọ yín, kó pe oríkì yín àti ti ìdílé yín lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sókè ọya ni a ò kì rí, torí ìyá àgbà wà nílé l'Ògbómọ̀ṣọ́, àwa wà níbí. Tí wọ́n bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lónìí, ẹ ní kí wọ́n kì yín, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ fi èyí rọ́pò kuntigi, inú yín gba méjèèjì. Ẹ tún bi bàbá yín léèrè orin tí wọ́n máa ń kùn tí wọ́n bá ń ká aṣọ lálẹ́ ní Jos, mo fẹ́ mọ̀ bóyá Hausa ni tiwọn náà.

Màmá mi gbàgbé mi, wọn ò gbàgbé orin

*Ẹ kú àánú wa. Ọmọ ọdún 81 ni màmá mi, ọ̀dọ̀ mi ní Gwarinpa ni wọ́n wà. Dókítà ní Alzheimer's ni, àrùn ọpọlọ tó ń mú àgbà gbàgbé nǹkan. Wọn ò mọ orúkọ mi mọ́, "ìyá yìí" ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn kan, wọ́n á gbà á lẹ́nu mi, wọ́n á kọ ọ́ láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹrin, èmi tí ara mi le gan-an máa ń ṣìnà. Ṣé wọ́n ti ń bọ̀ sípò ni? — Ọmọ màmá, Gwarinpa*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Òótọ́ ni màá sọ fún yín torí ẹ ò bi mí kí n tàn yín: kì í ṣe pé wọ́n ń bọ̀ sípò. Àwọn oníwádìí kan ní Leipzig, ní Jámánì, wo ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú orin àtijọ́ sí, ní 2015 wọ́n kọ ọ́ pé ibẹ̀ wà lára ibi tí Alzheimer's kì í tètè bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi lè lọ tí orin á ṣì wà. Ẹ má tìtorí ìyẹn fojú kéré ohun tí ẹ rí, ilẹ̀kùn kan ló ṣì ṣí sílẹ̀ nínú ilé tó ti ń tì, ibẹ̀ ni kí ẹ máa gbà wọlé bá wọn.

Tí wọ́n bá máa ń jà tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ wọ́n, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ orin kí ẹ tó gbé omi dé, ẹ máa kọ ọ́ lọ títí tí ẹ fi máa nù wọ́n lára. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tí ẹ bá ń kọrin, ariwo méjì máa ń dàrú mọ́ wọn lórí. Ẹ wá orin ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọge, kì í ṣe ti ìsìn nìkan, ẹ bi àwọn àbúrò wọn léèrè èyí tí wọ́n máa ń jó. Ẹ máa wo ojú wọn, torí orin míì lè gbé ìbànújẹ́ tí ẹ ò mọ̀ wá, tí wọ́n bá sunkún jẹ́ẹ́, ẹ di ọwọ́ wọn mú, tí wọ́n bá ń bínú tàbí ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ yí i padà kíá.

Ti "ìyá yìí" yẹn, mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, ẹ ò sọ ọ́ ṣùgbọ́n mo rí i nínú lẹ́tà yín. Kí ni wọ́n máa ń pè yín ní kékeré, Àṣàkẹ́ ni àbí Àbẹ̀kẹ́? Ẹ mú ohùn orin tí wọ́n mọ̀ dáadáa, kí ẹ fi oríkì yín sínú ẹ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ fún wọn láràárọ̀. Mi ò ṣèlérí pé wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ìyá yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn náà tó nǹkan.

Orin ìgbéyàwó mi tó tú ká

*Àǹtí, àbúrò mi fẹ́ fi orin tí èmi àti ọkọ mi àná fi jó wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa jó wọlé tiẹ̀ ní Gwagwalada. Kò mọ̀ pé orin yẹn ń dùn mí. Ṣé kí n dákẹ́? — B., Gwagwalada*

Ẹ má dákẹ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó bá DJ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, ẹ má bínú ẹ má sì ka ẹ̀sùn ọkọ àná. Ó dá mi lójú pé á yí i padà, orin ò wọ́n láyé. Tí kò bá wá gbà, ẹ wá nǹkan ṣe nídìí oúnjẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, kí ẹ padà wọlé wá jó èyí tó tẹ̀ lé e fún un.

Ẹkún ìyàwó ìyá mi wà nínú kásẹ́ẹ̀tì

*Ẹ̀gbọ́n, Minna ni mo wà. Ìyá mi ti di olóògbé. Nínú àpótí wọn mo rí kásẹ́ẹ̀tì 14, ọ̀kan wà tí wọ́n fi báírò kọ sí lára pé "Ẹkún ìyàwó, Ìsẹ́yìn, 1986". Ohùn ìyá mi nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ilé bàbá mi. Mi ò tíì fi sí i, ẹ̀rù ń bà mí pé á já, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé kò ní já. — Ọmọ Ìsẹ́yìn, Minna*

Mo ka lẹ́tà yín, mo dìde kúrò nídìí iṣẹ́, mo lọ mu omi.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kéré, ẹkún ìyàwó ni ohùn tí ọmọge máa ń fi ń dágbére fún àwọn òbí ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ, á máa dúpẹ́, á máa tọrọ àdúrà, á máa sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù ní ilé tó ń lọ. Ní ìhà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún ló pọ̀ sí, ẹ ò sì ní rí i lóde ìyàwó mọ́ báyìí, DJ ti gba gbogbo ibẹ̀. Kí èèyàn ní ti ìyá ara ẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá ọ̀hún! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe àkọ́kọ́. Ẹ wá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó dáa, ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí irin tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi èyí tí ẹ ò kà sí nínú 14 yẹn dán an wò ná, tó bá jẹ okùn dúdú inú ẹ̀, ìyẹn ni kò ní dùn yín jù. Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì ìyá yín, ní òkè, ẹ máa rí ike pẹlẹbẹ méjì ní igun méjèèjì, ẹ fọ́ wọn dànù, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣèèṣì gba nǹkan míì lé ohùn wọn. Ẹ fi báírò sínú ihò ẹ̀, ẹ yí i jẹ́jẹ́ kí okùn tó bá dẹ̀ lè le. Tó bá jẹ́ C60 ni wọ́n kọ sí i lára, ojú kan ò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, C90 jẹ́ 45. Ẹ wá wáyà láti ihò earpiece rédíò sí kọ̀ǹpútà, Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, ẹ jẹ́ kí ojú kan lọ látòkè délẹ̀ láìdá a dúró, kódà tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo. Ariwo ṣeé yọ tó bá yá, okùn tó já ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Kí ó wà níbi mẹ́ta ó kéré tán, kọ̀ǹpútà, flash, àti lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín kan. Kásẹ́ẹ̀tì gan-an, ẹ má fi sínú mọ́tò, oòrùn Minna á yọ́ ọ, ẹ má sì gbé e sórí sípíkà.

Ti ìbẹ̀rù kejì yẹn, pé kò ní já, pé ẹ máa gbọ́ wọn lóòótọ́: ẹ má dá gbọ́ ọ. Ṣé àbúrò ìyá yín kan tàbí ọ̀rẹ́ wọn tó wà níbẹ̀ ní 1986 ṣì wà láyé? Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ pè wọ́n wá sí Minna, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá wọn n'Ísẹ́yìn, kí wọ́n jókòó tì yín. Àwọn obìnrin á máa gbè lẹ́yìn ohùn ìyá yín, ẹnì kan á wúkọ́, ẹnì kan á ní "ó dáa, ọmọ mi", ẹ̀yin ò sì ní mọ ẹni tó jẹ́. Àwọn á mọ̀ ọ́n. Ẹ mú báírò àti ìwé dání, kí ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ṣe ń dá ohùn wọn mọ̀.